Akọ̀wé Fèrèsé Kẹta

Àbúrò bàbá mi ló tọ́ mi dàgbà, n ò sì ní torí ìyẹn purọ́ fún yín: kì í ṣe ẹni tí èèyàn ń fẹ́ bá pàdé lọ́jọ́ tó bá ń kánjú. Bàbá Kékeré ni mò ń pè é. Àwọn aráàlú ń pè é ní Ẹ-Padà-Wá-Lọ́la, àmọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti lò ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń forúkọ èèyàn sílẹ̀. Fèrèsé kìíní wà fún ọmọ tuntun, èkejì wà fún ìgbéyàwó, ẹ̀kẹta wà fún òkú. Fèrèsé kẹta ni tirẹ̀.

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò ní gbójú sókè. Ibi tó ti pá láàárín orí rẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ rí, ẹ ó wá gbọ́ ohùn kan bíi pé inú dúrọ́ọ̀ ló ti ń jáde: "Ta ló kú?" Ẹ ó sọ ẹni tó kú. "Ọjọ́ wo?" Ẹ ó sọ ọjọ́. "Ìwé dókítà dà?" Ẹ ó mú un jáde. Á yẹ iwájú rẹ̀ wò, á yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò, á gbé e sókè síbi iná bíi pé òkú náà lè sá pamọ́ sínú ìwé. Lẹ́yìn gbogbo èyí, á ní ó ku nǹkan kan. Kò sígbà tí nǹkan kan kì í kù. Bí ẹ bá mú fọ́tò méjì wá, mẹ́ta ni wọ́n ń gbà. Bí ẹ bá mú mẹ́ta wá, òkú náà ò wo iwájú dáadáa nínú ẹ̀kẹta. "Ẹ padà wá lọ́la." Mo mọ ọkùnrin kan tó fi ọjọ́ mẹ́fà forúkọ ìyá rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tó parí, ó ní ká ní òun mọ̀ ni, òun ì bá bẹ ìyá òun kó má tíì kú.

Èmi ní tèmi, ẹnu ni mo ní. Bàbá Kékeré ló sọ mí ní Ṣóṣóró láti kékeré nítorí ẹnu mi tó mú. Ṣọ́ọ̀bù kan ni mo ti ń ṣe ẹ̀dà ìwé fún àwọn èèyàn, àmọ́ ohun tó wà lọ́kàn mi ni eré apanilẹ́rìn-ín tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan ń gbé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀rẹ́ mi ló ni kámẹ́rà, nítorí náà Oníkámẹ́rà lorúkọ rẹ̀, èmi ni mò ń kọ ọ̀rọ̀. Àkọlé eré náà ni Aládùúgbò Wa Ti Kú. Ó dá lórí àwọn òkú tó jí, tí wọ́n padà wá ń bá alààyè gbé. Sọ́ńbì ni àwọn ọ̀dọ́ ń pè wọ́n. Ẹ má pè wọ́n ní àkúdàáyà o. Àkúdàáyà nítìjú; bó bá kú níbìkan, ìlú tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n ló máa lọ, á lọ fẹ́yàwó tuntun síbẹ̀. Sọ́ńbì tiwa ò nítìjú kankan. Ilé rẹ̀ gan-an ló ń padà sí, á kan ilẹ̀kùn, á ní kí ẹni tó ń wọ bàtà òun bọ́ ọ.

Sọ́ńbì wa kì í jẹ èèyàn. Wọ́n ń lọ síbi iṣẹ́, wọ́n ń lọ sípàdé ayálégbé, etí wọn á já bọ́ sínú ife tíì ẹlòmíì, wọ́n á tọrọ àforíjì. Ìṣòro wa ni àwọn òṣèré. Ẹ sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó ṣe bí òkú, ọwọ́ méjèèjì ló máa kọ́kọ́ nà síwájú, á wá máa kùn bí ẹ̀rọ ìlọta. Mo ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, òkú wo lẹ rí tó ń pariwo báyìí?" Wọn ò gbọ́. Èèyàn mọ́kàndínlógún péré ló wo apá kẹta eré wa, mẹ́rin nínú wọn sì jẹ́ èmi.

Apá kẹrin ni mo kọ sí ọ́fíìsì Bàbá Kékeré. Òkú kan jí, ó wá sí fèrèsé pé kí wọ́n yọ orúkọ òun kúrò nínú ìwé. Bàbá Kékeré bá mi bẹ ọ̀gá wọn, ìyá kan tí kì í fọwọ́ sí ohunkóhun àfi bí ẹlòmíì bá ti kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Ìyá náà yọ̀ǹda yàrá fún wa ní ọ̀sán Sátidé kan, pé kí a ṣáà má fọwọ́ kan òǹtẹ̀. Onídìrí àdúgbò wa ló ń ṣe òkú. Ó ti fi eérú kun ojú, ó sì ti fi òwú dí imú. Ẹni tó yẹ kó ṣe akọ̀wé ò wá. Ó ní eyín ń dun òun. Mo ní kí Oníkámẹ́rà jókòó ṣe é, ni Bàbá Kékeré bá dìde.

"Ẹnì kankan ò ní jókòó sórí àga mi," ó ní. "Láti ọdún wo? Èmi fúnra mi á ṣe é. Kí ni mo máa sọ?"

"Ohun tí ẹ máa ń sọ ni kí ẹ sọ, Bàbá Kékeré."

Ó jókòó, ó ṣí ìwé ńlá rẹ̀, ó tẹrí ba. Oníkámẹ́rà tan kámẹ́rà. Onídìrí wọ́ ẹsẹ̀ dé ojú fèrèsé.

"Ta ló kú?" Bàbá Kékeré bi í.

"Èmi ni, sà."

"Ọjọ́ wo?"

"Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù tó kọjá."

"Ìwé dókítà dà?"

"Wọ́n ti sin ín mọ́ mi, sà."

"Ẹ lọ mú un wá."

"Níbo, sà?"

"Ibi tí wọ́n sin ín sí. Òkú ò sì lè wá fúnra rẹ̀. Mọ̀lẹ́bí òkú ló gbọ́dọ̀ wá. Ẹ padà wá lọ́la."

Ojú Onídìrí yí padà, nítorí n ò kọ èyíkéyìí nínú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí fún un. Ó ṣáà gbìyànjú. "Sà, mo ti ń jẹrà."

"Kí ẹ tètè wá láàárọ̀ nígbà náà," Bàbá Kékeré ní, ó sì ti fèrèsé.

Oníkámẹ́rà ti ki apá bọ ẹnu kí ẹ̀rín má baà dé inú fídíò. Kò sí ohun tí Bàbá Kékeré fi ṣe àwàdà nínú gbogbo ẹ̀. Ó bi mí bóyá ó yẹ kó tún béèrè fọ́tò.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì èèyàn ti wò ó. Mo jókòó ti fóònù mi, mò ń ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ fídíò, ẹ̀rù wá ń bà mí díẹ̀díẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ Onídìrí pẹ̀lú gbogbo eérú tó fi kun ojú. Ẹnì kan kọ ọ́ pé, "Sọ́ńbì tó wà lẹ́yìn fèrèsé yẹn ò láfiwé." Òmíràn ní, "Wọn ò kun nǹkan kan sí i lójú, ojú òkú ni ojú rẹ̀ gan-an." Ẹ̀kẹta bi wá pé itẹ́ òkú wo la ti hú u jáde. Kò sẹ́nì kankan nínú ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì tó mọ̀ pé akọ̀wé yẹn ni alààyè inú eré náà.

Oníkámẹ́rà ní, "Ṣé ká kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé akọ̀wé ni, kì í ṣòkú?"

Mo ní, "Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ta ló ń fi ọwọ́ òsì júwe ilé àlùbáríkà?"

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo sọ akọ̀wé fèrèsé kẹta di olórí òkú nínú eré wa, n ò sì sọ fún ẹni tó ni ojú. Ọjọ́ Sátidé la máa ń ya fídíò tirẹ̀ lọ́tọ̀, èmi ni mo máa ń dá a lóhùn láti ẹ̀yìn kámẹ́rà, àwọn òkú yòókù á wá ṣe tiwọn níbòmíì. Fóònù onítọ́ọ̀ṣì ni Bàbá Kékeré ń lò, kò lè wo nǹkan kan lórí rẹ̀ ju aago lọ. Nígbà tó bi mí pé irú èèyàn wo gan-an ni òun jẹ́ nínú eré náà, mo ní, "Ẹ̀yin nìkan lalààyè tó wà láàárín wọn, Bàbá Kékeré." Ó mi orí. Ó ní òun fura bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí ẹnikẹ́ni ò kí rí wá di ẹni tí wọ́n ń kí. Bó bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, àwọn ọmọ iléèwé á máa ké tẹ̀ lé e pé, "Ta ló kú?" Á dúró, á tún táì rẹ̀ ṣe, á ní, "Ìwé dókítà dà?" Wọ́n á bú sẹ́rìn-ín. Ó ra táì tuntun méjì. Ó ń kọrin nínú balùwẹ̀, ohùn rẹ̀ ò dáa, n ò sì gbọ́ ọ rí láti ìgbà tí mo ti wà léwe. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí a ń mu tíì, ó ní, "Ṣóṣóró, ṣé o mọ ohun tí wọ́n fẹ́ràn nínú ọ̀rọ̀ náà? Láàárín gbogbo òkú yẹn, wọ́n rí ẹnì kan tí orí rẹ̀ pé." Mo gbé ife tíì mi, mo lọ fọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ n ò tíì mu ún dé ìdajì.

Ẹ jẹ́ kí n tún sọ èyí tó burú jù níbẹ̀, kí ẹ má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì.

Ìyàwó Bàbá Kékeré, tí mò ń pè ní Mọ́mì, kú nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Mọ́mì máa ń sọ fún mi pé nígbà tí ọkọ òun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, bí ẹni tó ń sunkún bá wá, ṣe ló máa ń jáde síta lọ gbé àga fún un. Èmi náà rántí ìgbà tó máa ń délé tí ojú rẹ̀ á pọ́n nítorí òkú ẹni ẹlẹ́ni. Òfin ọ́fíìsì wọn ni pé akọ̀wé ò lè wá forúkọ òkú tirẹ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Mọ̀lẹ́bí míì ló gbọ́dọ̀ tò síwájú fèrèsé. Èmi nìkan ni mọ̀lẹ́bí tó wà nítòsí. Lọ́jọ́ kẹta ikú Mọ́mì, Bàbá Kékeré wọ táì, ó lọ jókòó sẹ́nu iṣẹ́, èmi lọ tò sórí ìlà nínú aṣọ iléèwé mi. Nígbà tó kàn mí, ó tẹrí ba.

Ó ní, "Ta ló kú?"

Mo rò pé etí mi ló ń ṣe mí. Mo ní, "Mọ́mì ni."

"Orúkọ?"

Orúkọ tó fi ogún ọdún pè ní yàrá, ní ilé ìdáná, ní ẹ̀yìnkùlé, èmi ló ń bi. Mo dárúkọ. Ó kọ ọ́. Òun ni òkú kan ṣoṣo tí kò ní kí a padà wá lọ́la fún. Ó lu òǹtẹ̀, ó ti ìwé náà sí mi lábẹ́ dígí, ó ní, "Ẹni tó kàn." Láti ọjọ́ náà ni kò ti gbójú sókè mọ́ lẹ́nu iṣẹ́ yẹn. Láti ọjọ́ náà ni inú sì ti ń bí mi sí i, tí a sì jọ ń jẹun nínú ilé kan náà.

Ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn náà, mo kọ ọ́ sí apá kẹsàn-án eré wa. Bàbá Kékeré kàn jókòó, ó ń kọ̀wé, kò gbójú sókè. Ìyẹn nìkan ló mọ̀ pé òun ṣe. Lẹ́yìn tó lọ tán ni mo fi ohùn ara mi sí i: "Akọ̀wé yìí kú ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, lọ́jọ́ tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ ìyàwó rẹ̀ sínú ìwé òkú. Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ fún un, ìlà ṣì gùn." Ó pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín gan-an. Kò sí apá kankan tí wọ́n wò tó o.

Nígbà tó yá, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe fídíò orí íńtánẹ́ẹ̀tì kọ̀wé sí wa. Wọ́n fẹ́ fi àmì ẹ̀yẹ dá Bàbá Kékeré lọ́lá. Oníkámẹ́rà fò sókè. Èmi jókòó sílẹ̀. Bí bàbá yìí bá mọ ohun tí mo fi í ṣe, n ò ní ní bàbá mọ́, nítorí òun nìkan ni mo ní. Mo rò ó pé kí n sọ fún un lálẹ́ ọjọ́ náà, mo tún rò ó pé kó di ọ̀la. Ẹ ò rí i bí àrùn náà ṣe ń ràn.

Ọ̀sán ni wọ́n ṣe é, nínú gbọ̀ngàn iléèwé kan. Bàbá Kékeré wọ kóòtù ìgbéyàwó rẹ̀. Ó kọ ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ sínú bébà, ó fi rúlà fàlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì. Wọ́n pa iná, wọ́n ń fi eré oníkálukú hàn lára ògiri. Nígbà tó rí ojú ara rẹ̀ tó tóbi bí ilẹ̀kùn, ó fi ìgúnpá gún mi, inú rẹ̀ ń dùn. Lẹ́yìn náà ni olóòtú ètò gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ní, "Sọ́ńbì tó dára jù lọ́dún yìí," ó sì dárúkọ akọ̀wé fèrèsé kẹta.

Bàbá Kékeré bẹ̀rẹ̀ mọ́ mi létí. "Wọ́n ṣì í pè."

Ó dìde, ó lọ sórí pèpéle, nítorí bí wọ́n bá pe èèyàn, èèyàn gbọ́dọ̀ jẹ́. Ó gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ olóòtú.

"Ẹ kú ìjókòó o," ó ní. "Àṣìṣe wà nínú ìwé yín. Kì í ṣe sọ́ńbì ni mí. Èmi ni alààyè inú eré náà."

Gbọ̀ngàn wó lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Àwọn kan bọ́ sílẹ̀ lórí àga. Wọ́n rò pé àwàdà tó dùn jù láyé nìyẹn, wọ́n dìde dúró, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Bàbá Kékeré dúró kí wọ́n parí, bó ṣe máa ń dúró de ẹni tó ń wá ìwé nínú báàgì. Nígbà tí wọn ò dákẹ́, ó ní, "Mo ń sọ òtítọ́." Ìyẹn tún dá kún un. Olóòtú wá ní kí wọ́n fi díẹ̀ hàn lára iṣẹ́ rẹ̀, apá kẹsàn-án ni wọ́n sì fi hàn. Ohùn mi jáde lára ògiri: ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, orúkọ ìyàwó rẹ̀, ìwé òkú. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Mo rí i tó ń ká bébà ọwọ́ rẹ̀ sí méjì, ó tún ká a sí mẹ́rin, ó fi í sápò.

Lójú ọ̀nà ilé, gbólóhùn kan ló sọ. "Mo ti kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé lẹ́ẹ̀kan. Kí ló dé tí o tún kọ ọ́?"

Láti ọjọ́ kejì ló ti ń kí mi bí àlejò. "Ẹ káàárọ̀, mà." Ẹni tó wẹ̀ fún mi, tó nu imú mi, ń pè mí ní mà. Bí mo bá kúnlẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀, á ní òun ò gbọ́ ohun tí mo sọ, pé òun fẹ́ sùn. Mo pa apá kẹsàn-án rẹ́ kúrò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Oníkámẹ́rà bú mi bí ẹni láyin, mo ní kó bú mi dáadáa. Kò yí nǹkan kan padà nílé. Ìgbà náà ló sọ sí mi lọ́kàn pé ibì kan ṣoṣo ló wà tí Bàbá Kékeré ò ti lè ṣaláì dá mi lóhùn.

Lọ́jọ́ Ajé, mo lọ tò sí fèrèsé kẹta. Àárín orí rẹ̀ ni mo bá.

"Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, sà. Àtúnṣe ni mo wá ṣe. Mo kọ alààyè kan mọ́ òkú."

Gègé rẹ̀ dúró. Kò gbójú sókè. "Àtúnṣe ò ṣeé ṣe láìsí ìwé. Ẹ kọ àṣìṣe náà, ẹni tó ṣe é, àti ìdí tó fi ṣe é. Ẹ padà wá lọ́la."

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun mo mú lẹ́tà lọ. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo ṣe é kí àwọn èèyàn lè rẹ́rìn-ín. Ó kà á tán. "Ìdí tí ẹ kọ síbí ò pé. Ẹ padà wá lọ́la."

Mo délé, mo fi ìbínú kọ ọ́. Mo ní mo ṣe é nítorí pé ó bi mí léèrè ẹni tó kú, tó sì mọ̀. Mo ní aṣọ iléèwé ló wà lọ́rùn mi, kò sì sẹ́ni tó gbé àga fún mi. Nígbà tó kà á lọ́jọ́rú, ó yọ dígí ojú rẹ̀, ó nù ún, ó pẹ́ kó tó fi í padà. Àwọn tó wà lẹ́yìn mi ń kùn. Ó ní, "Ẹlẹ́rìí méjì. Ẹ padà wá lọ́la."

Lọ́jọ́bọ̀, mo mú Oníkámẹ́rà àti Onídìrí dání. Bàbá Kékeré bi wọ́n bóyá wọ́n mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Wọ́n ní àwọn mọ̀ ọ́n. "Ṣé ó wà láàyè?" Onídìrí ní ó wà. Oníkámẹ́rà wo àárín orí tó pá náà, ó wo ọwọ́ tó ń kọ̀wé, ó ní, "Ó jọ bẹ́ẹ̀, sà." Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Bàbá Kékeré ní kí n padà wá lọ́la.

Lọ́jọ́ Ẹtì, gbogbo ìwé mi ti pé, mo sì ti mọ gbogbo àwọn tó wà lórí ìlà. Ó to àwọn ìwé náà síwájú rẹ̀, ó kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ó ku nǹkan kan," ó ní.

"Kí ni, sà?"

"Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn gbọ́dọ̀ fara hàn fúnra rẹ̀, níwájú fèrèsé."

Ó dìde. Ó gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ jáde, ó rìn yí ká, ó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbi tí gbogbo ayé ti ń dúró. Àwa méjèèjì wá ń wo àga tó ṣófo. Ihò tí wọ́n ń gbà sọ̀rọ̀ lára dígí náà rẹlẹ̀ débi pé èèyàn gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kó tó lè sọ ẹni tó kú fún akọ̀wé. Bàbá Kékeré bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀, ó fi ẹnu rẹ̀ sí i bíi pé ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó tún nàró. Ó fọwọ́ ti ìbàdí.

"Bó ṣe rí láti ibí nìyí?" ó ní.

Mo ní, "Bó ṣe rí nìyẹn, Bàbá Kékeré."

Ìyá àgbàlagbà kan tó wà lẹ́yìn wa, tí ìwé dókítà wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ọ̀rá, fọwọ́ kan Bàbá Kékeré léjìká. Kò mọ̀ ọ́n. Ta ló rí ojú rẹ̀ rí láti ìta? "Ẹ má wulẹ̀ dúró, bàbá," ìyá náà ní. "Ẹni tó ń jókòó síbẹ̀ yẹn, ẹ padà wá lọ́la ló máa sọ. Èmi ti wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta."

"Mo mọ̀ ọ́n, mà," Bàbá Kékeré ní.

Ó wọlé padà. Mo rò pé ó fẹ́ jókòó. Àga yẹn ló gbé sókè, èyí tí ẹlòmíì ò jókòó sí láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ó gbé e jáde, ó gbé e síwájú ìyá náà. Ó tún wọlé, ó dúró lẹ́yìn fèrèsé lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ó bẹ̀rẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi bá ojú ìyá náà mu. "Ta ló kú, mà?" ó ní. Ìyá náà ní ọkọ òun ni, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Bàbá Kékeré dúró títí ó fi nu ojú, kò wo aago. Lẹ́yìn náà ló fa ìwé dókítà náà mọ́ra, ó lu òǹtẹ̀, iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta sì parí kí ẹni tó wà lẹ́yìn tó ráyè kùn.

Ó wá wò mí láti inú lọ́hùn-ún. "Ṣóṣóró," ó ní, "lọ bá mi wá àga míì."

Mo sáré lọ bá ọ̀gá wọn ní yàrá kejì, pé àga kan péré ni mo wá gbà fún akọ̀wé fèrèsé kẹta. Ọ̀gá náà ò gbójú sókè. Ó ní kí n kọ̀wé, kí n sọ ohun tó ṣe àga ti tẹ́lẹ̀, kí n sì padà wá lọ́la. Bàbá Kékeré fi ìdúró ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi ti ọ́fíìsì.